Ẹni Tí A Fi Ẹyẹlé Àdúgbò Lé Lọ́wọ́

"Dora, mo ní ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi kọ́, Alwyn!"

"Parọ́ sí i! Ta ló ń bá mi kọ lẹ́tà nínú ilé yìí? Ta ló ń bá mi fọwọ́ síwèé látìgbà tí ìka mi ti ṣẹ́? Ṣé ológbò ni?"

"Mo ní èmi kọ́. Mo fi ibojì bàbá mi búra!"

"Má fi òkú búra nínú ilé mi!" Màmá Hannah, ìyá ọkọ rẹ̀, ló jágbe bẹ́ẹ̀ láti ìdí iná. "O gba ògo lọ́wọ́ ọmọ mi tán, o tún fẹ́ lọ jí òkú!"

Ìwé ìròyìn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn wà lórí tábìlì, láàárín ife tíì àti búrẹ́dì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀ ni pé: SAGAR KỌ̀, KÒ LỌ SÍ FARANSÉ MỌ́. ÌYÀWÓ RẸ̀ NÍ KÒ GBỌDỌ̀ LỌ. Gbogbo ìlú Ackerden ti kà á kí ilé-iṣẹ́ òwú tó ṣíwọ́.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tèmi àti ti àwọn Sagar ní òpópónà Tenter, ògiri náà ò sì nípọn ju páálí lọ, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n sọ tí n kò gbọ́; èyí tí n kò fojú rí, Màmá Hannah padà sọ ọ́ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín kí inú mi tó bẹ́: irọ́ ni! Dora ò kọ lẹ́tà kankan pé ọkọ òun ò ní bá ikọ̀ orílẹ̀-èdè lọ sí Faransé. Ẹni tó kọ ọ́ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wọn, ó káwọ́ lẹ́rán, ó ń mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ìkà èèyàn! Ó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun síta.

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nílùú wa pé ta ni Alwyn Sagar, á kọ́kọ́ wò yín bóyá orí yín pé. Wíńgà òsì ẹgbẹ́ rọ́gíbì Ackerden ni, nọ́ńbà márùn-ún ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó kọ́kọ́ wọ aṣọ pupa wa, ó sì ti fi ọdún mọ́kànlá sáré létí pápá yẹn nínú ẹrẹ̀, nínú yìnyín. Igba ìgbà ó lé mẹ́rìndínlógún ló ti gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́yìn ìlà àwọn alátakò. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ó ń ti kẹ̀kẹ́ òwú bíi tiwa. Lọ́sàn-án Sátidé, bí bọ́ọ̀lù bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àwọn arúgbó tí eegun ń dùn á ti dìde dúró kí wọ́n tó rántí pé eegun ń dun àwọn.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí ni bàtà ẹnìkan tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dídì. Ìka méjì ṣẹ́, wọn ò sì jinná dáadáa. Látìgbà náà, bó bá kọ̀wé, ṣe ló ń dà bí ibi tí adìyẹ tan. Dora ló wá di akọ̀wé rẹ̀. Bí Dora bá ti kọ "A. Sagar", Alwyn ló kọ ọ́ nìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí àléébù kan níbẹ̀.

Clement ni ẹ̀gbọ́n Alwyn. Bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn yàtọ̀. Ìyá Clement kú nígbà tí ọmọ ò tíì ju ọdún méjì lọ, Màmá Hannah sì tọ́ ọ bí ọmọ tó ti inú ara rẹ̀ jáde. Ọbàkan ni wọ́n, ẹ sì mọ ohun tí ojú ọbàkan máa ń rí lára ọbàkan. Clement náà jẹ́ wíńgà, apá ọ̀tún ni tirẹ̀, nọ́ńbà méjì. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo, orúkọ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n sì ń pariwo. Nígbà tí Jabez bàbá wọn, tí òun náà ti ṣe wíńgà rí, fẹ́ kú, ó di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú, ó ní, "Ọ̀kan nínú yín á wọ aṣọ orílẹ̀-èdè." Ọ̀rọ̀ ìṣírí ni bàbá náà rò pé òun sọ. Ogún ni Clement kà á sí, ó sì gbà pé àgbà ló ń kọ́kọ́ mú nínú ogún.

"Ṣé ẹ rí i?" Phyllis, ìyàwó Clement, ló gbẹ́nu sọ́rọ̀ nínú ilé náà. Ẹnu obìnrin yẹn! "Mo ti sọ ọ́ tipẹ́. Obìnrin tó ń sunkún tí ọkọ rẹ̀ bá sùn nílùú kejì, ṣé òun lá jẹ́ kó wọ ọkọ̀ ojú omi?"

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Dora wí, "ẹ má dá sí i."

"N óò dá sí i! Orúkọ Sagar lo fi ń nu ilẹ̀!"

"Phyllis, ó tó," ni Clement wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òróró. "Ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìfẹ́ ló pọ̀ jù lọ́kàn rẹ̀. Alwyn, àbúrò mi, dárí jì í. Bí wọ́n bá sì ti wá yàn mí dípò rẹ, ṣebí ilé kan náà ni ògo náà wọ̀?"

Alwyn yí ojú sí i. "Wọ́n yàn yín, Bùrọ̀dá Clement?"

"Lẹ́tà dé láàárọ̀ yìí. Inú mi ò tilẹ̀ dùn sí i, torí tìẹ."

Òpùrọ́! Láti ẹ̀yìn ògiri ni mo ti ń gbọ́ ìdùnnú nínú ohùn rẹ̀.

Alwyn ti lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Pilling, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, pé kó bá òun sọ fún ìgbìmọ̀ tó ń yan ikọ̀ orílẹ̀-èdè pé òun fẹ́ lọ. Ìdáhùn wọn ni pé lẹ́tà tó fi kọ̀ láti lọ ti tẹ àwọn lọ́wọ́, orúkọ ẹlòmíràn sì ti wọlé. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló fọwọ́ sí i láìsọ fún un, kí wọ́n lọ parí ìyẹn nínú yàrá wọn. Ìtìjú yìí ló gbé wálé.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé tí wọ́n ní mo kọ," ni Dora wí.

"Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀? Ohun tó o fọwọ́ ara rẹ kọ?" Alwyn na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ọdún mọ́kànlá, Dora! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró de lẹ́tà kan ṣoṣo! Máa lọ sílé màmá rẹ. N kò fẹ́ rí ẹ."

Dora kó aṣọ díẹ̀ sínú àpò kan, ó wọ kóòtù rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, tí gbogbo wa ti yọrí lójú fèrèsé, ó yíjú padà.

"Alwyn, ọjọ́ tí o bá mọ òótọ́, má wá bá mi ní kọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà màmá mi ni kó o ti bẹ̀ mí, lójú gbogbo èèyàn tó ń wò mí báyìí."

Ilẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ni ojú ọmọ yìí ò rí! Nínú ilé ìhunṣọ wa, ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ètè la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Èèyàn á wà níhìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wà ní ìpẹ̀kun yàrá lọ́hùn-ún, wọ́n á sì jọ ṣòfófó láìgbọ́ ohùn ara wọn. Ibi tí Phyllis ti ń fìyà jẹ ẹ́ nìyẹn. Á dúró sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, á la ètè gbàgàdà: "Ìyàwó ojo! Adínà-ọkọ!" Dora á kà á tán, á sì tún òwú tó já so. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wò ó, kò bú ẹnikẹ́ni padà. Ojú ń ti èmi alára, nítorí èmi náà ò sọ̀rọ̀.

Àmọ́ kò jókòó lásán. Ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Pilling.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ yẹn kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n ní mo kọ náà ránṣẹ́. Kó wá pẹ̀lú àpò ìwé rẹ̀."

"Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi àpò ìwé ṣe?"

"Wọ́n ti dá mi lẹ́jọ́, sà. Ó yẹ kí n rí ẹ̀rí."

Bàbá náà káàánú rẹ̀, ó kọ̀wé. Àárọ̀ Sátidé tí a fẹ́ ṣe ìdágbére fún Clement ni èsì dé.

Bí a ti parí eré lọ́jọ́ náà, gbàgede ẹgbẹ́ kún dẹ́múdẹ́mú. Bíà ń ṣàn, búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí láàárín wà nílẹ̀, Phyllis dúró nídìí ìkòkò tíì bí ayaba. Clement ti wọ kóòtù tuntun tí àmì orílẹ̀-èdè wà láyà rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ọlọ́ràá kàn án. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni yóò wọ ọkọ̀ ojú irin. Alwyn jókòó sí igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kò mu, kò jẹ.

Ni Dora bá wọlé.

"Ẹ wo ẹni tó dé!" ni Phyllis kígbe. "Ṣé o wá dí ọ̀nà ọkọ tèmi náà ni?"

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè," ni Dora dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́, "wọ́n ló máa ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Pilling, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka òǹtẹ̀ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lù sára àpò ìwé yẹn."

Pilling wọ awò ojú rẹ̀. "Ó ní Ackerden. Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹjọ."

"Irú ọjọ́ wo nìyẹn, sà?"

Bàbá náà ronú díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, kò sì tètè pa dé. "Ọjọ́ Túsìdeè ni. Túsìdeè ọ̀sẹ̀ ìsinmi ńlá."

Kò sí ọmọ Ackerden tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi ńlá, gbogbo ilé-iṣẹ́ òwú á tì pa lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ìlú á kó lọ sí Blackpool. Òpópónà Tenter lódindi, ilé onílé kan náà létíkun la máa ń wọ̀ sí lọ́dọọdún, a ó jọ máa jà sí omi gbígbóná láàárọ̀.

"Níbo ni mo wà lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn?" ni Dora bi wọ́n.

"O wà ní Blackpool!" ni arúgbó kan ké láti ìdí bíà rẹ̀. "Ìwọ lo bá mi di fìlà mú nígbà tí Alwyn ń bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sáré lórí iyanrìn!"

"Alwyn ńkọ́?"

"Ṣebí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn ló ń bá sá! Ó sì tún borí!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí wọn lẹ́nu. Nítorí gbogbo wa ló rántí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ò tẹ̀ lé wa lọ́dún náà. Clement ní orúnkún òun wú, kí a máa lọ, òun á bá wa tọ́jú àwọn ẹyẹlé wa. Ẹyẹlé gbogbo òpópónà! A kó kọ́kọ́rọ́ ilé wa lé e lọ́wọ́, títí dọjọ́ náà la ò sì gbà á padà; a bẹ akólẹ́tà pé kó máa kó lẹ́tà gbogbo wa fún un, inú agolo bísíkíìtì ló sì kó wọn sí dè wá. Ìwé tí Dora ti kọ sì wà nínú ilé àbúrò rẹ̀ fún un láti fi ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe àwòkọ. A tún ra ẹ̀bùn wálé fún un. À ń pè é lẹ́ni rere!

Alwyn ti dìde. "Bùrọ̀dá Clement."

"Kí lẹ ń wò mí sí?" Òógùn ti bo Clement. "Ṣé èmi nìkan ló kù nílùú ni? Ọlọ́pàá ò sí? Akólẹ́tà fúnra rẹ̀ ò sí? Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan mú ẹ̀rí wá! Bí mo bá mọ nǹkan kan nípa lẹ́tà yẹn, kí ẹsẹ̀ mi méjèèjì rọ!"

Ariwo wá bẹ́ sílẹ̀, oníkálukú ń sọ tirẹ̀. Nínú ariwo yẹn ni ọkùnrin aláìgbọ́n yìí ti wo ìyàwó rẹ̀ lọ́hùn-ún nídìí ìkòkò tíì, tó sì fi ètè lásán sọ gbólóhùn kan fún un. Ó rò pé ọgbọ́n lòún dá. Wíńgà ni, ara ilé ìhunṣọ kọ́, Phyllis ló kọ́ ọ ní ètè kíkà nínú ilé wọn. Ó gbàgbé pé obìnrin tó tó ọgọ́ta ló wà nínú gbàgede náà, kò sì sí ẹyọ kan nínú wa tí kò tíì ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ rí!

Èmi náà kà á. Mo fẹ́ pariwo, àmọ́ ẹnìkan ti ṣáájú mi. Màmá Hannah, tó ti fi ogójì ọdún hun aṣọ, rọra dìde lórí àga rẹ̀.

"'Sun lẹ́tà tó wà lábẹ́ ìtẹ́ ẹyẹlé.' Ohun tí ọmọ mi sọ nìyẹn. Clement, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ lo wí?"

Clement yíjú sí ilẹ̀kùn. Ó ti ẹnìkan ṣubú, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì fi eré gé e!

Alwyn bẹ́ kọjá lórí tábìlì kan, ó gbá tẹ̀ lé e. Gbogbo wa tú jáde, arúgbó, ọmọdé, ẹni tó mu bíà kù. Mo ti ń wo eré bọ́ọ̀lù látìgbà èwe mi, n kò rí irú eré yẹn rí: wíńgà ọ̀tún níwájú, wíńgà òsì lẹ́yìn, lórí òkúta òpópónà tí òjò ti pa. Clement ti já kọjá ilé ìjọsìn kí Alwyn tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ìbẹ̀rù gbé e lẹ́sẹ̀. Bí ó bá fi lè dé ilé ẹyẹlé òpópónà wa, kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kó sì ṣá ìṣáná, ẹ̀rí ti di eérú nìyẹn, Dora á sì máa jẹ́ adínà-ọkọ títí ayé. "Sáré, Alwyn!" ni mo ń ké, omi ń bọ́ lójú mi. "Sáré!"

Clement dé ilé ẹyẹlé. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ inú rẹ̀. Alwyn ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja láti ibi tó jìnnà sí i, ó sì fi ọwọ́ tí ìka rẹ̀ ti ṣẹ́ yẹn gbá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Àwọn méjèèjì ṣubú, ẹyẹlé fò bo gbogbo ojú ọ̀run.

Dora ló wọ inú ilé ẹyẹlé lọ. Ó gbé ìtẹ́ kejì, ó gbé ìkẹta. Lẹ́tà tí ìgbìmọ̀ fi pe Alwyn rèé, ìgbẹ́ ẹyẹlé ti gbẹ mọ́ ọn lára, àmọ́ àmì orílẹ̀-èdè ṣì ń dán lórí rẹ̀: Sí Ọ̀gbẹ́ni Alwyn Sagar. Ó yẹ kí Clement ti sun ún tipẹ́, kò lè sun ún. Ojúkòkòrò àmì yẹn ò jẹ́ kó sun ún!

"Kí ló dé tó o fi ṣe é?" ni Alwyn bi í, wọ́n ṣì wà nílẹ̀. "Bí o bá sọ fún mi pé ò ń fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀..."

"Èmi ni àgbà!" ni Clement ké. "Èmi ni Bàbá kọ́kọ́ bí! Kí ni mo ní tí o kò gbà? Pápá, ìyìn, Ìyá..."

"Má dárúkọ mi." Màmá Hannah ti dé, ó ń mí gúlegúle. "Ìgbà tí igbóná fẹ́ pa ọ́, orí ẹsẹ̀ mi lo sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, Clement, kí n tó bí ọmọ kankan. Òun lo sì fi san án fún mi? Bọ́ kóòtù yẹn."

Ó bọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni Pilling gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní òun ń lọ bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí wọ́n dá ipò Alwyn padà fún un, àti pé bí òun bá ṣì wà láyé, Clement ò tún ní wọ aṣọ pupa Ackerden mọ́. Phyllis ní òun ò mọ nǹkan kan. "Ìwọ ni wọ́n rán láti sun ún!" ni gbogbo obìnrin dá a lóhùn, ó sì fi gèlè bo ojú gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

A ò lu Clement. Arúgbó onífìlà ló kọ́kọ́ lọ dúró níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́ ilé mi." Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin tó kángun sí òpin òpópónà. "Kọ́kọ́rọ́ mi." Lẹ́yìn náà ó kàn mí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń gbà á, kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọkùnrin náà jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń já kọ́kọ́rọ́ kúrò lára òrùka irin, ó ń sunkún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Kí oṣù náà tó parí, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti kó kúrò nílùú, kò sì sí ẹni tó sìn wọ́n dé ibùdókọ̀.

Alwyn gbìyànjú láti di ọwọ́ Dora mú níbi ilé ẹyẹlé. Dora fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Mo ti sọ ibi tí o ti máa bá mi fún ẹ," ló wí, ó sì padà lọ sílé màmá rẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí gbogbo wa ń lọ síbi iṣẹ́, a bá èrò lójú ọ̀nà. Alwyn Sagar, wíńgà orílẹ̀-èdè, wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà màmá Dora, garawa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi òkúta funfun tí àwa obìnrin fi ń ha ẹnu ọ̀nà fọ ibẹ̀. Kò sí ọkùnrin tó ṣe irú rẹ̀ rí nílùú wa. Àwọn ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin ní kí wọ́n panu mọ́.

"Dora!" ló ké, kí gbogbo wa lè gbọ́. "Mo pè ọ́ lópùrọ́, irọ́ ni mo pa! Mo lé ọ jáde láìjẹ́ kó o rí ẹ̀rí! Lójú gbogbo wọn, mo bẹ̀ ọ́!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Dora dúró, ó wo ẹnu ọ̀nà náà láti òkè dé ilẹ̀.

"O fi igun ọ̀tún sílẹ̀," ló wí.

Alwyn tẹ̀ síbẹ̀, ó ha igun náà títí tó fi funfun. Nígbà tó parí, Dora na ọwọ́ sí i.

"Mú ìwé wọn wá. Ọkọ̀ ojú irin ò ní dúró dè ọ́."

Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó yọ ìwé tuntun tí Pilling fún un lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ti dá orúkọ rẹ̀ padà láti àpò àyà rẹ̀, àti kálàmù. Dora gbé ìwé náà lé ara ilẹ̀kùn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun gbà láti lọ, ó sì fọwọ́ sí i: A. Sagar.